Ọjà tó ní àmì Fairtrade wọ́n díẹ̀: ta ló ń gba àfikún yẹn?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kọfí, ṣokoléètì àti òrí ni mo fẹ́ kó sí ìsọ̀ mi. Àwọn tó ní àmì Fairtrade (ètò àgbáyé tó ń wá owó tó tọ́ fún àgbẹ̀) wọ́n ju àwọn tí kò ní in lọ. Bí oníbàárà bá bèèrè ìdí, kí ni kí n sọ? Òrí Sábẹ̀ẹ́ tí kò ní àmì kankan ńkọ́?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́: Owó méjì ló wà níbẹ̀, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Èkíní ni iye tó kéré jù tí olùrà gbọ́dọ̀ san fún ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀. Fún kọfí Arabica tí wọ́n fomi fọ̀, dọ́là 1.80 ni wọ́n fi sí lórí ìwọ̀n pọ́n-ùn kan ní oṣù kẹjọ 2023. Bí ọjà àgbáyé bá já sí 1.20, 1.80 náà ni olùrà máa san. Bó bá gòkè ju 1.80 lọ, iye ọjà ló máa san. Èkejì ni owó àfikún fún ẹgbẹ́ náà, sẹ́ǹtì 20 lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, bóyá ọjà wọ́n o, bóyá kò wọ́n. Ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ń dìbò lórí ìnáwó rẹ̀: kànga ni o, ilé ìkẹ́rùsí ni o. Ó kéré tán, sẹ́ǹtì 5 nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sórí bí kọfí àti ìkórè yóò ṣe dára sí i.

Ṣùgbọ́n etíkun, níbi tí wọ́n ti ń kó kọfí sọ́kọ̀ òkun, ni wọ́n ti ń ka 1.80 yẹn, kì í ṣe ẹnu oko. Ẹgbẹ́ a yọ owó ọkọ̀, owó àpò àti owó àwọn ayẹ̀wéwò kúrò. Ẹgbẹ́ mìíràn gba àmì tán, kò rí ẹni ra gbogbo irè rẹ̀ ní iye yẹn. Ìyókù a bá ọjà lásán lọ. Ẹni tó bá ní gbogbo àfikún ló ń dọ́wọ́ àgbẹ̀, irọ́ ló pa.

Oníṣòwò Kétu: Ẹ wo àmì ara ṣokoléètì yẹn dáadáa. Bí ọfà kékeré bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ka ẹ̀yìn páálí. Ilé iṣẹ́ lè da kòkó ẹgbẹ́ pọ̀ mọ́ òmíràn, kó sì lẹ àmì mọ́ kìkì ìwọ̀n ṣokoléètì tó bá kòkó ẹgbẹ́ tó rà mu. Owó dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀, àmọ́ kòkó rẹ̀ gan-an lè má sí nínú èyí tí ẹ dì mú.

Ìyá Olórí: Àìní àmì kò sọ òrí di ọjà ìrẹ́jẹ. Owó àyẹ̀wò ọdọọdún ló wúwo jù fún ẹgbẹ́ obìnrin kékeré. Ohun tí àmì ń ṣe, ẹ̀yin náà lè ṣe é. Àárín oṣù karùn-ún sí ìkẹjọ ni èso emi, tí wọ́n ń fi kóró rẹ̀ ṣe òrí, ń jábọ́, nígbà tí oúnjẹ ti ń tán nínú àká. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ a ta kóró rẹ̀ fún alágbàtà ní gbà-máà-póò-rọ́wọ́-mi. Ìgbà yẹn ni kí ẹ san owó ìṣáájú. Fairtrade pàápàá fàyè gbà á dé ìdá 60 nínú 100 iye owó àdéhùn.

Kílò ni kí ẹ fi wọn òrí, kì í ṣe igbá tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹ yọ́ òrí ṣíbí kan lórí iná: bó bá ń ta pàràpàrà, omi ṣì wà nínú rẹ̀, yóò tètè kan. Bó bá ń rùn bí èéfín, orí iná ni wọ́n ti yan kóró gbẹ. Tó bá di iye owó, kóró bíi kílò mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń di òrí kílò kan lọ́wọ́ ẹni tó ń fọwọ́ ṣe é. Ẹ ka ìyẹn, ẹ fi igi ìdáná, owó ọlọ àti iṣẹ́ ọwọ́ kún un. Bí ohun tí ẹ ń san kò bá ju owó kóró lọ, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ṣe òrí yẹn fún yín.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ ṣeun, ìyá. Inú kí ni kí n tọ́jú rẹ̀ sí?

Ìyá Olórí: Ike gbígbẹ tó ní ìdérí, níbi tí oòrùn kò dé. Ẹ má fi ọwọ́ tútù bu ú.