Oògùn ti di bárakú, oyún sì wà níkùn: ta ló dúró tì yín?

Ìyá Olówó-ẹ̀rọ̀: Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ti àwọn ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Tramadol ni. Ẹ̀yìn ń dùn mí, wọ́n kọ ọ́ fún mi, ìrora lọ, èmi ò lè kúrò nídìí oògùn. Nígbà tí mo máa mọ̀ pé mo lóyún, ó ti pé oṣù mẹ́rin. Mo dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà nítorí ọmọ. Lọ́jọ́ kejì, òógùn bò mí, inú ń lọ́ mi, ikùn ń le gbandi. Ìyá ọkọ mi ní kí n fara dà á, pé ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á.

Nọ́ọ̀sì tó gbà mí wọlé kò pariwo. Ó fa àga, ó jókòó, ó ní, "Àǹtí, ìgbà wo lẹ lò ó kẹ́yìn?" Kò bi mí pé kí ló sún mi débẹ̀. Mo sunkún tí imú mi dí. Òun ló sọ fún mi pé ewu ni kí aboyún já irú oògùn yẹn sílẹ̀ lójijì, pé oògùn kan wà tó ń jẹ́ methadone, tí wọ́n á máa wọ̀n fún mi lójoojúmọ́ dípò rẹ̀, kí ara lè dúró sójú kan. Nígbà tí oyún dàgbà, ìwọ̀n yẹn kò ká mi mọ́. Mo rò pé mo tún ti ń bàjẹ́ ni. Wọ́n ní rárá, ara aboyún ló ń yára lò ó tán. Wọ́n pín in sí àárọ̀ àti alẹ́.

Lọ́jọ́ kejì tí mo bímọ, ọmọ ń gbọ̀n, ó ń ké fíínfín, ó ń sín ṣáá. Wọ́n ní àárò oògùn ló ń sọ ọ́. Wọ́n dín iná yàrá kù, wọ́n gbé e lé àyà mi, ara kan ara. Dókítà ní kí n fún un lọ́mú, pé methadone tó ń bá wàrà lọ kò tó nǹkan. Ọjọ́ kẹfà ló tó sùn fọnfọn.

Agbẹ̀bí: Mo ti jágbe mọ́ irú aboyún bẹ́ẹ̀ rí. Kò padà wá ṣe àyẹ̀wò mọ́. Ìgbà tí mo tún máa rí i, ọmọ ti ń bọ̀. Ó ń dùn mí títí dòní. Ẹni tí ọtí bá di bárakú fún, kó má dá jáwọ́ nílé o, gìrì lè mú un.

Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀: Àbúrò mi ni tèmi, oògùn ti di bárakú fún òun náà rí. Nígbà oyún, èèyàn yí i ká. Ọmọ pé oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó pè é mọ́. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ó pè mí ní aago méjì òru: "Ẹ̀gbọ́n mi, oògùn yẹn ti wà lọ́wọ́ mi." Mi ò wàásù. Mo ní kó tẹ́ ọmọ sí ibùsùn rẹ̀, kó má pa fóònù, mo ń bọ̀. Ẹ̀rù tó bà mí ni pé ara tó ti sinmi kì í gba iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́, iye yẹn lè pa á. Mo mú naloxone dání, èyí tí wọ́n ń fọ́n símú ẹni tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ pa. A ò lò ó. Mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sùn di ọ̀sán.

Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń lọ gba ọmọ báyìí, aago mẹ́rin. Kì í pè mí. Èmi ni mo máa ń lọ.