Níbo lẹ wà nígbà tí Tony Stark tàka?

Ará Lugbe

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bára wa jà nítorí Robert Downey Jr., òṣèré Amẹ́ríkà tó ṣe Tony Stark, ìyẹn Iron Man, nínú àwọn fíìmù Marvel, ni mo bá ní kí n gbé ẹjọ́ náà wá síbí. Láti oṣù Keje ọdún 2024 tí ọkùnrin yẹn ti bọ́ ìbòjú lójú ní San Diego, tó ní òun ni òun máa ṣe Doctor Doom, ọ̀tá inú fíìmù Avengers: Doomsday, la ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n ti ba ikú Tony Stark jẹ́. Èmi ní kò sóhun tó bà á jẹ́. Kí olúkúlùkù kọ́kọ́ sọ ibi tó ti wo Avengers: Endgame, fíìmù ẹgbẹ́ akọni Avengers tí Tony ti kú, àti bó ṣe rí lára rẹ̀, ká tó mọ ẹni tí ẹ gbè.

Kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ara mi. Ìparí oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni, ooru Àbújá ò ṣeé fẹnu sọ. Èmi àti àwọn ará ọ́fíìsì wa la jọ lọ sí Jabi Lake Mall lẹ́yìn iṣẹ́. Fíìmù wákàtí mẹ́ta géérégé àti ìṣẹ́jú kan ni, owó guguru ibẹ̀ sì ga, làwọn kan bá fi súyà pamọ́ sínú báàgì wọlé. Òórùn yájì gba gbogbo ìlà tí a jókòó sí. À ń rẹ́rìn-ín, à ń pariwo. Nígbà tí Captain America gbé òòlù Thor, tí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè gbé e, ọkùnrin kan níwájú mi ṣí fìlà, ó jù ú sókè, mi ò rò pé ó rí i mọ́.

Ìgbà tó wá kan ibi tí Tony ti já àwọn òkúta agbára mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbà lọ́wọ́ Thanos, ọ̀tá wọn, tó wò ó lójú, tó ní òun ni Iron Man, tó sì tàka, tó fi pa Thanos àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ rẹ́, tí agbára òkúta sì pa òun náà, gbogbo ariwo yẹn wọlẹ̀. Ọ̀gá wa kan tí gbogbo wa ń bẹ̀rù ní ọ́fíìsì, mo ń gbọ́ bó ṣe ń fa ikun nínú òkùnkùn.

Ilẹ̀ ti ṣú jìnnà ká tó rí takisí tó ń lọ sí Lugbe. Obìnrin tó jókòó tì mí ò tíì dákẹ́ ẹkún. Awakọ̀ bi wá pé ta ló kú. Ọ̀kan nínú wa ní, "Ẹ̀gbọ́n wa kan ni, sà." Bàbá náà kẹ́dùn, ó ṣàdúrà fún òkú, ó sì dín owó ọkọ̀ kù fún wa. Kò sẹ́ni tó ní ìgboyà láti ṣàlàyé.

Ìyá Ìbejì

Ará Lugbe, Ọlọ́run á bi yín nípa bàbá onímọ́tò yẹn o.

Tèmi gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Sójà ni ọkọ mi. Lọ́dún tí fíìmù yẹn jáde, Borno ló wà, èmi àti àwọn ọmọ wà ní bárékè níbí. Ẹni tó bá ti gbé bárékè rí á mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí àwọn ọkùnrin bá wà lójú ogun. Bí mọ́tò tí a ò mọ̀ bá dúró níwájú ilé, gbogbo obìnrin á yọjú lójú fèrèsé, kálukú á máa wo ẹnu ọ̀nà tí wọ́n máa kàn. Bí kì í bá ṣe tìẹ, wàá dúpẹ́, ojú á tún máa tì ọ́ pé o dúpẹ́.

Èmi kì í wo fíìmù àwọn tó ń fò lójú ọ̀run. Àwọn ìbejì ló yọ mí lẹ́nu títí mo fi kó wọn lọ sí Ceddi Plaza lọ́jọ́ Sátidé kan. Mò ń tòògbé níbẹ̀rẹ̀. Ohun tó là mí lójú ni ibi tí Tony ti ń tẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Morgan, sórí ibùsùn, tí ọmọ náà ní òun fẹ́ràn rẹ̀ tó 3000. Mo wá ń wo ọkùnrin yẹn dáadáa. Ó ti níyàwó, ó ti bímọ, ó kọ́lé sẹ́bàá omi, kò sẹ́ni tó lè fi dandan mú un. Wọ́n tilẹ̀ wá bá a nílé, ó kọ̀ fún wọn nítorí ọmọ yẹn. Òun náà ló tún dìde lọ.

Ọkọ mi, kó tó lọ, ó tún páìpù ilé ìdáná tó ti ń jò tipẹ́ ṣe. Ó san owó ilé-ìwé sílẹ̀. Ó wá gba ohùn ara rẹ̀ sínú fóònù mi fún àwọn ọmọ, ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ o, àfi bí... Kò parí ẹ̀, èmi náà ò bi í. Ẹ̀yin tí ẹ ti wò ó mọ ohun tí mo ń bọ̀ wá sọ. Tony náà gba ohùn àti àwòrán ara rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ. Ọjọ́ ìsìnkú ni wọ́n tàn án, tí ọmọ kékeré yẹn jókòó tó ń wò ó.

Mo dìde, mo jáde síta. Táíwò tẹ̀lé mi. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé nítorí Iron Man lẹ ṣe ń sunkún?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni ǹ bá tún sọ?

Ọkọ mi dé láyọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ohùn yẹn ṣì wà nínú fóònù àtijọ́ náà, mi ò pa á rẹ́, mi ò sì gbọ́ ọ rí.

Ti Doom ńkọ́? Kẹ́hìndé ti ń hu irùngbọ̀n báyìí, síbẹ̀ ó lóun ò ní wò ó. Ó ní ẹni tó bá kú nítorí ayé kò yẹ kó fi ojú kan náà padà wá tú ayé ká. Bàbá rẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ niṣẹ́, ibi tí wọ́n bá gbé èèyàn lọ náà ló máa lọ. Ẹ bá mi dá sí i, èmi wà láàárín.

Aráàlú

Ìyá Ìbejì, ẹ ti pa mí lẹ́kún ní ọ́fíìsì ìjọba. Ọlọ́run á máa ṣọ́ wọn.

Ọmọ Ìlọrin ní Kano

Farm Centre ni mo ti ń tún fóònù ṣe. Ọmọ Hausa kan wà tí ṣọ́ọ̀bù wa dojú kọra, ọ̀rẹ́ mi gidi ni. Fíìmù India nìkan ló mọ̀. Ó máa ń sọ fún mi pé àwọn ará Amẹ́ríkà ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìbànújẹ́, pé àdó olóró nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n yìn. Mo ní ó dáa, mo mú un lọ sí síníma ní Ado Bayero Mall.

Nígbà tí Pepper, ìyàwó Tony, ń sọ fún un pé kó máa sinmi, pé àwọn máa wà dáadáa, tí iná àyà rẹ̀ sì kú, ọ̀rẹ́ mi ké "Innalillahi wa inna ilaihi raji'un!" Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ o. Àwọn kan lẹ́yìn wa náà gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tá a jáde, ó ní òun gbà, wọ́n gbìyànjú, àmọ́ kí ló dé tí ìyàwó rẹ̀ ò kọrin?

Lọ́rọ̀ Doom, òun ló tiẹ̀ là mí lójú. Ó ní ṣé mo mọ Shah Rukh Khan? Ó ní lọ́dún 1993, òun ló ṣe wèrè tó ń tọpinpin ọmọ ọlọ́mọ káàkiri. Nígbà tó di 1995, òun kan náà ni olólùfẹ́ tí gbogbo ọmọbìnrin Kano ń fẹ́. Ta ló gbé ẹjọ́ lọ? Ó ní nínú fíìmù India mìíràn, ẹnìkan ṣoṣo ló máa ṣe ìbejì, ọ̀kan olè, ọ̀kan ọlọ́pàá, wọ́n á sì bára wọn jà.

Èmi fi ti Amẹ́ríkà kún un. Chris Evans ti ṣe Human Torch, akọni oníná inú Fantastic Four, lọ́dún 2005 àti 2007 kó tó di Captain America ní 2011. Michael B. Jordan náà ṣe Human Torch ní 2015, ó di Killmonger, ọ̀tá inú Black Panther, ní 2018. Ṣé ẹ bínú nígbà yẹn?

Ará Lugbe

Mo ka èyí fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ṣe àwọn fíìmù Human Torch wọ̀nyẹn nígbà náà, ìtàn wọn ò sì kan ti Avengers. Mo bi í pé Gemma Chan wá ńkọ́, tó jẹ́ ọ̀tá nínú Captain Marvel ní 2019, tó tún di Sersi, akọni obìnrin, nínú Eternals ní 2021, abẹ́ òrùlé kan náà? Ó ní ọ̀dà búlúù ni wọ́n fi kùn ún nígbà àkọ́kọ́, ta ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ò rọrùn.

Ọmọ Samaru

Kí n da omi tútù sí gbogbo yín lórí. Kí ni ti Natasha, ìyẹn Black Widow, obìnrin inú Avengers?

Ilé-ẹ̀kọ́ ni mo wà ní Zaria, orí láptọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi la ti wò ó, àwa obìnrin kún yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì kan fọ́fọ́. Iná lọ lẹ́ẹ̀kan, bátìrì ò sì lágbára, a sáré gbé e lọ sí yàrá tó ní jẹnẹrétọ̀. Natasha ló kọ́kọ́ fẹ̀mí lélẹ̀ o. Lórí òkè Vormir, níbi tí ẹnìkan ti gbọ́dọ̀ kú kí wọ́n tó rí ọ̀kan nínú àwọn òkúta yẹn gbà, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Clint ń bára wọn jìjàkadì lórí ẹni tó máa kú, òun ló borí, ìyẹn ni pé òun ló kú. Òun ni kò jẹ́ kí Clint fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀. Ìsìnkú rẹ̀ dà? Àwọn ọkùnrin kóra jọ sétí omi, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Tony wá kú, gbogbo ayé wọ dúdú.

Èmi ni àkọ́bí nílé wa. Owó ilé-ìwé àwọn àbúrò mi, èmi ni. Gbogbo ilé ló ń sọ pé "ó ṣáà tíì lọ́kọ", bí ẹni pé ẹni tí kò tíì lọ́kọ kò ní ohun tó máa pàdánù. Mo bá Natasha kú lọ́jọ́ náà. Ti Tony, mo kàn wò ó ni. Tí wọ́n bá rí ààyè wá iṣẹ́ tuntun fún Downey, kí wọ́n wá ti Scarlett Johansson, tó ṣe Natasha, náà.

Aráàlú

Ẹ má bínú o, ta tiẹ̀ ni Doom yìí? Èmi ò ka ìwé wọn.

Ọmọ Ìlọrin ní Kano

Victor von Doom. Stan Lee àti Jack Kirby ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1962, nínú ìwé Fantastic Four. Ọba ìlú Latveria ni. Ọpọlọ rẹ̀ pé bíi ti Tony, aṣọ irin ló ń wọ̀, ó tún wá mọ oògùn. Nínú ìwé, ẹ̀mí ìyá rẹ̀ há sọ́wọ́ èṣù, ó sì ń wá bó ṣe máa gbà á sílẹ̀. Ó gbà pé òun nìkan ló lè tún ayé ṣe, ibẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àgbà Karu

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ń sunkún lórí ẹni tó wà láàyè. Downey gba Oscar ní 2024, ó ń jẹun, ó ń ṣiṣẹ́. Ikú tó dùn mí nínú gbogbo wọn ni ti Chadwick Boseman, tó ṣe T'Challa, ọba Wakanda, nínú Black Panther.

Òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2020 la gbọ́, nígbà tí kòrónà ṣì ń dààmú ayé. Àrùn jẹjẹrẹ ìfun ló pa á. Láti 2016 ló ti mọ̀, kò sì sọ ọ́ síta, ó ń ṣe fíìmù lọ. Àbúrò mi ọkùnrin ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ nígbà náà, òun náà ò jẹ́ ká sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ láti Karu lójoojúmọ́, ó ń bá súnkẹrẹ fàkẹrẹ Nyanya yí, ó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwàdà. Mo fi ìròyìn Boseman hàn án lórí fóònù. Ó kà á tán, ó ní, "Ó káre." Kò sọ ju ìyẹn lọ. Òun náà ti lọ báyìí. Nígbà tí Wakanda Forever jáde ní 2022, wọ́n fi àwòrán Boseman sí ibi orúkọ Marvel níbẹ̀rẹ̀, láìsí orin kankan. Wọn ò fi ẹlòmíràn ṣe T'Challa. Ìyẹn ni mo mọ̀ sí ọ̀wọ̀.

Ti Doom yìí, ó yà mí lẹ́nu pé ọmọ Yorùbá ló ń bínú. Ní ìlú tèmi, ẹni tó wọ agọ̀ eégún kan lọ́dún yìí lè wọ òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. A mọ bó ṣe ń rìn, a mọ ẹsẹ̀ rẹ̀, a ò jẹ́ dárúkọ rẹ̀. Doom tó sì jẹ́ pé abẹ́ irin ló ń gbé!

Ará Lugbe

Bàbá, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún àbúrò yín.

Ọ̀rọ̀ agọ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi kà á, kò fèsì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 2024. Ó wá bọ́ sílé mìíràn: ó ní tí wọ́n bá lọ sọ nínú fíìmù pé Tony ayé mìíràn ló di Doom ńkọ́? Níbẹ̀, mo gbà fún un. Tó bá jẹ́ Victor ni, tó ní ìyá tirẹ̀ àti ìlú tirẹ̀, ojú lásán ni wọ́n yá lò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti so ó mọ́ Tony pẹ́nrẹ́n, ọmọ tó jókòó wo àwòrán bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú ni wọ́n tún fẹ́ fi ṣòwò, èmi náà á sì bá ẹ̀gbọ́n mi àti Kẹ́hìndé jókòó sílé.

Oṣù Karùn-ún ọdún 2026 ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún Doomsday, wọ́n ti sún un sí ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá. Ọyẹ́ á ti dé nígbà yẹn, àwọn èèyàn á sì ti máa lọ sílé fún Kérésì, Àbújá á ṣófo, ìlà tíkẹ́ẹ̀tì ò ní gùn. Ta ló ń bọ̀? Jabi ni àbí Ceddi?

Ìyá Ìbejì

Ceddi. Bàbá Ìbejì ní òun máa lọ. Kẹ́hìndé ní òun kàn máa sìn wá dé ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ Samaru

Hmm. Kẹ́hìndé á wọlé.

Ọmọ Ìlọrin ní Kano

Ẹ wá sí Kano. Ọ̀rẹ́ mi ní òun máa san owó gbogbo wa, bí Doom bá kọrin.