Ẹ gbà mí o, ẹyọ kan ló wà nínú páálí!

Ọmọ Ìjọ̀kà (Toronto): Ẹ̀yin ará ilé, orí mi ti dàrú. Àbúrò mi ń sọ yàrá rẹ̀ ní Àkúrẹ́ di sítúdíò, ó ní kí n bá òun ra monitor, sípíkà tí wọ́n fi ń gbọ́ orin tí wọ́n ń ṣe. Mo rà á, mo tú páálí lónìí, sípíkà kan ṣoṣo! Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, 120V. Ọjọ́ Ẹtì ni kọ̀ǹténà ń lọ. Kí n dá a padà ni? Èwo ni kò ní gbọ́n àpò mi gbẹ?

Ìyá Ìbejì (Leeds): Fara balẹ̀, wọn ò rẹ́ ẹ jẹ. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ta púpọ̀ nínú wọn, Yamaha HS5 náà bẹ́ẹ̀. Eris 3.5 ti PreSonus ló ń wá ní méjì-méjì, ọ̀kan ń gba iná, èkejì kàn ń fi wáyà jẹun lára rẹ̀ ni.

Ekimogún (Houston): Ẹ fi ti ẹyọ kan sílẹ̀! 120V yẹn ni wàhálà. Mo fi méjì ránṣẹ́ sí Oǹdó fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó kì wọ́n bọ iná NÉPÀ tààrà. Pàù! Akọrin ò tíì ka "ọ̀kan, méjì" tán tí èéfín fi yọ. Owó iṣẹ́ oṣù kan gbáko.

Bàbá Ìyìn (Dublin): Ṣé kò sí stepdown, ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná NÉPÀ kù sí 120V, ni?

Ekimogún: Ó wà! Ìyá àgbà ti fi gbé fìríìsà tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ẹran àti orin, èwo lẹ rò pé wọ́n máa yọ?

Bàbá Ìyìn: Ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi nígbà náà. Ẹrù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, stepdown ẹyọ kan?

Ekimogún: Èmi kẹ̀? Ọmọ tó jáde yunifásítì ò lè ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin náà ò kà á kí ẹ tó fi ránṣẹ́ 😂

Ọmọ Ìjọ̀kà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èmi ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Wá èyí tí wọ́n kọ 100–240V sí lára, bíi JBL 305P MkII. Íǹṣì 5 ti tó yàrá kékeré, má wulẹ̀ wo oní 8. Kó má sì gbé e há ògiri o. Tèmi ní ihò lẹ́yìn, mo gbé e ti ògiri, báàsì ń kù gbìì, mo bá ń gé e kù. Ìgbà tí mo gbọ́ orin ọ̀hún nínú mọ́tò, ó ti gbẹ bíi pánla.

Bàbá Ìyìn: Kó lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri.

Ìyá Ìbejì: Páálí ẹyin kì í dá jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò dúró, bàbá.

Ekimogún: Àkúrẹ́ náà fẹ́ ṣe orin! Àwa la bí ìdílé King Sunny Adé, ẹ jókòó kẹ́ ẹ máa wò wá.

Ọmọ Ìjọ̀kà: Láti 1976 ni ìjọba ti wà lọ́dọ̀ wa. Orúkọ ìpínlẹ̀ yẹn, wọ́n kàn fi tù yín nínú ni.

Ekimogún: Ẹnu ẹ mú o!

Ọmọ Ìjọ̀kà: Kí n sòótọ́, àbúrò mi fi orin kan ránṣẹ́ lálẹ́ àná. Òjò orí páànù bò ó mọ́lẹ̀, mo sì ń gbọ́ ìyá wa tó ń pe adìyẹ wọlé. Ó ní òun máa tún un kọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹfà.

Ìyá Ìbejì: Gbé e síbí jàre. Kó má yọ òjò yẹn.

Ekimogún: Èmi náà ń dúró. Òjò Àkúrẹ́ ò lè dún tó ti Oǹdó ṣá.

Ọmọ Ìjọ̀kà: Ẹ jọ̀ọ́, kọ̀ǹténà ọjọ́ Ẹtì ńkọ́?