Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọmọ màlúù lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ rí, kí lojú yín rí?

Ará Ọ̀dà: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Abo màlúù funfun 6 ni mo ní lọ́nà Ọ̀dà níbí, 2 ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ẹnìkan ní kí n ya ọmọ kúrò lára ìyá, kí n máa fi ike bọ́ ọ, kí n lè rí wàrà púpọ̀ tà. Ẹlòmíràn ní n kò gbọdọ̀ dán an wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìrírí yín.

Ìyá Oníwàrà Ọ̀bà-Ilé: Má dán an wò.

Ẹlẹ́ran Ìta-Ògbólú: Èmi dán an wò, mo sì sunkún. Ọmọ 3 ni mo yà lọ́jọ́ kejì tí wọ́n bí wọn. Mo ti jókòó ṣírò owó ẹ̀ tán. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àwọn ìyá kọ̀. A fún ọmú títí, a ò rí ju ife kan lọ. Wọ́n ń ké tọ̀sán tòru, wọ́n ń wá ọmọ. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wàrà ti gbẹ lára méjì. Ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn ọmọ tí mò ń fi ike bọ́, ọ̀kan kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò rí wàrà, mi ò rí ọmọ. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ igbe màlúù lóru, oorun ti dá lójú mi nìyẹn.

Ìyá Oníwàrà Ọ̀bà-Ilé: Áà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹran Ọ̀sìn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Màlúù funfun àwọn Fúlàní kì í sábà tú wàrà sílẹ̀ bí kò bá rí ọmọ ẹ̀. Friesian àwọn Òyìnbó yàtọ̀, ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣa èyí tó ń tú u láìsí ọmọ, ó sì lè fún wọn ní lítà 20 lóòjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tiwa kì í sábà ju lítà 2 sí 4. A ò lè fi ìṣirò tiwọn sin tiwa.

Ẹlẹ́ran Ìta-Ògbólú: Ẹni tó kọ́ mi ò sọ ìyẹn fún mi.

Ará Ìdànrè: Mílíìkì inú agolo ńkọ́?

Baba Ògbẹ̀sẹ̀: Ìyẹn wà fún tíì, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní tá a jọ wà níbí. Láàárọ̀, wọ́n á tú ọmọ sílẹ̀, á mu díẹ̀ títí wàrà á fi sọ̀. Wọ́n á wá fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ìyá ẹ̀. Bí ìyá ṣe ń lá a lára, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fún un. Orí ọmú 2 ni wọ́n ń fún, wọ́n á fi 2 sílẹ̀ fún ọmọ. Ohun tí mo fi kún un ni pé mo ń ya ọmọ sọ́tọ̀ lálẹ́. Èyí tó bá ń mu ọmú tọ̀sán tòru, ìyá ẹ̀ kì í tètè wá akọ mọ́. Oyún màlúù sì ju oṣù 9 lọ díẹ̀. Tó bá pẹ́ kó tó gba akọ, odidi ọdún kan lè lọ mọ́ ẹ lọ́wọ́, o ò ní rí ọmọ, o ò ní rí wàrà. Àwọn èèyàn kì í ka ìyẹn mọ́ owó.

Ará Ọ̀dà: Ẹ ṣé, Baba. Ìyẹ̀fun wàrà tí wọ́n ń tà fún ọmọ màlúù wá ńkọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹran Ọ̀sìn: Ẹ ṣírò ẹ̀. Lítà 4 lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8 jẹ́ lítà 224. Gíráàmù 125 ló ń lọ sí lítà kan, ó di kílò 28. Àpò kílò 25 ò tó ọmọ kan! Òkè òkun ló ti ń wá, dọ́là ló ń sọ iye tá a máa rà á. Èyí tí wọ́n fi sóyà ṣe lè dín owó kù lóòótọ́, àmọ́ inú ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 3 kò lè lọ̀ ọ́ dáadáa, ìgbẹ́ gbuuru ló ń dà. Èyí tó wù kẹ́ ẹ yàn, wàrà àkọ́kọ́ tó ki, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ yẹn, kó wọ inú ọmọ kí wákàtí 6 tó pé.

Ọmọ Òǹdó: Owó tẹ́ ẹ ń kà yìí pọ̀ jù. Èèpo ẹ̀gẹ́ pọ̀ nílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá Oníwàrà Ọ̀bà-Ilé: Fún ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó?

Ọmọ Òǹdó: Mutúrù bàbá mi, màlúù kúkurú ilẹ̀ wa yẹn, jẹ ẹ́, kò kú.

Baba Ògbẹ̀sẹ̀: Bàbá rẹ fún wàrà Mutúrù rí? Ọmọ ló ń mu gbogbo ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi yè. Èèpo tútù ní májèlé nínú. Sá a kó gbẹ dáadáa, ìyá ni kó o fún, kì í ṣe ọmọ jòjòló.

Ọmọ Òǹdó: Mo gbọ́, sà. Àmọ́ láti 2021 tí òfin ti ní ká má da ẹran kiri mọ́ ní ìpínlẹ̀ wa, ta ló fẹ́ san owó ẹni tó ń gé èèsún? Ìyẹn gan-an ló ń jẹ owó wa.

Ìyá Oníwàrà Ọ̀bà-Ilé: Òótọ́ ni. Lítà 5 ni mo fi ń rí nǹkan bíi kílò kan wàrà dídì. Ẹni tí mò ń rà lọ́wọ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún ọmú gbẹ kanlẹ̀ torí owó èèsún yìí. Àwọn ọmọ rù kan egungun. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, kò rí wàrà tà fún mi mọ́.

Ará Ọ̀dà: Mo so ọmọ mọ́ ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀ láàárọ̀ yìí bí Baba ṣe wí. Ìyá ń lá a, kò tapá. Lítà kan àtààbọ̀ ni mo rí, ọmọ sì mu ìyókù yó.

Ẹlẹ́ran Ìta-Ògbólú: Baba, abo mi kan máa bí lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé mo lè wá wo bẹ́ ẹ ṣe ń so ó?

Baba Ògbẹ̀sẹ̀: Máa bọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni kó o dé.