Dísìkì kan, yàrá méjì: kí ni ojú yín ti rí?

Ọmọ Kétu
Ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú, torí èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ pínpín dísìkì kọ̀ǹpútà sí yàrá méjì yìí sílẹ̀.

Iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ ni mo ń ṣe ní Kétu níbí, ní ilẹ̀ Benin. Mo ń gba akọrin ìjọ, mo ń gba àwọn àgbà tó ń ki oríkì, tí àsìkò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá sì dé, mo ń gba òru Ẹ̀fẹ̀. Ẹni tó mọ Ẹ̀fẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í ní kí ẹlẹ́fẹ̀ tún orin kọ torí pé máìkì ò gbé e dáadáa. Ohun tó bá ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lóru ọjọ́ náà ti bọ́ nìyẹn. Bí mo ṣe máa ń gbà á, wákàtí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíìgì kan, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ máa ń mọ́ bá wa lójú agbo.

Àlòkù ni kọ̀ǹpútà mi. Dísìkì rẹ̀ jẹ́ 500 gíìgì, àmọ́ 465 ni Windows, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ń kà (ẹ má bá ẹni tó tà á fún yín jà, bó ṣe ń ṣírò nìyẹn). Yàrá kan ṣoṣo, tí Windows ń pè ní C, ló wà lórí rẹ̀. Windows, ètò tí mo fi ń gé ohùn, orin, fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò mi, gbogbo rẹ̀ wọ́ jọ síbẹ̀ bí ẹrù ọlọ́jà. Lọ́jọ́ kan C kún dẹ́nu, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í já bí mo ṣe ń gbà á. Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn, Windows ò dìde mọ́. Mo gbé e lọ bá oníṣẹ́. Ó ní ṣé nǹkan wà lórí rẹ̀, mo ní orin wà níbẹ̀, ó ní kò burú. Nígbà tí mo padà lọ gbé e, Windows tuntun ń dán, ojú ẹ̀rọ mọ́ tónítóní, orin kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ọdún méjì. UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ogún gbogbo ayé láti 2001, ìyẹn ò dá tèmi padà.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ló kọ́ mi lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń pín dísìkì. Ó ní kí n tẹ Windows pẹ̀lú X, kí n mú « Gestion des disques » (ìtọ́jú dísìkì), kí n fi ọwọ́ ọ̀tún màùsì tẹ C, kí n mú « Réduire le volume » (dín yàrá kù). Àpótí kan yọ, ó ní kí n kọ iye tí mo fẹ́ gé kúrò. 300 gíìgì ni mo fẹ́, mo bá kọ 300. Mo sọ àyè tí mo gé di yàrá kejì, D, inú mi dùn. Orin àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ dà sínú rẹ̀, ó ní àyè ò tó. Àṣé mẹ́gà ni wọ́n fi ń kà níbẹ̀ (1024 mẹ́gà ni gíìgì kan)! 300 mẹ́gà ò gba ogún ìṣẹ́jú orin. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní 307200 ló yẹ kí n kọ.

Mo pa D rẹ́, mo dá àyè rẹ̀ padà fún C, mo tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí Windows ò gbà kí n gé tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ C ṣófo gbáyawu. Fáìlì tí ẹ̀rọ fi ń sùn ló jókòó sáàárín dísìkì, Windows kì í sì í lè sún un. Mo kọ powercfg /h off sójú dúdú tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún Windows, mo tan ẹ̀rọ padà, ó gbà. Mo sọ D ní ORIN.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ tún ba Windows náà jẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. C nìkan ni mo pa rẹ́. Orin ò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ètò tí mo fi ń gé ohùn, tí mo ti gbọ́n féfé fi sórí D, kò ṣí mọ́. Gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú Windows tó kú. Mo tún un fi sínú ẹ̀rọ ni.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Orúkọ tí ẹ fún D yẹn ló dáa jù nínú ọ̀rọ̀ yín. Èmi ò fún tèmi lórúkọ. Ìgbà tí mo fẹ́ tún Windows fi, kò pe ẹnikẹ́ni ní C tàbí D, « Partition 1, 2, 3 » (yàrá 1, 2, 3) ló tò síwájú mi. Mo rò pé èyí tó tóbi jù ni Windows. Ẹ ò ní í béèrè èyí tí mo fọ́máàtì, tí mo pa rẹ́.

Ará Ṣábẹ
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìrírí o. Èmi náà pín tèmi, orúkọ wà lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé. Ìwàásù ọkọ mi olóògbé ni mo kó sórí D. Orí ọ̀kadà ni àpò kọ̀ǹpútà ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo délé tí mo tàn án, ó ń ró kẹ́-kẹ́-kẹ́, bí ẹni ń fi èékánná kan páànù. C ò dìde, D ò dìde. Ògiri lẹ mọ sáàárín ilé o, òrùlé kan náà ló bo yàrá méjèèjì. Ìwàásù mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́, àwọn tí mo ti fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi lórí WhatsApp nígbà kan.

Ọmọ Kétu
Mà, ẹ kú àmúmọ́ra. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún bàbá. Látàárọ̀ tí mo ti ka tiyín ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Mo ti yá dísìkì kan lọ́wọ́ àbúrò mi, mo ti kì í bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, mo ń da ORIN kọ sínú rẹ̀ báyìí. Ó ní ó ku wákàtí méjì. Kí iná má ṣáà lọ.