Mo fẹ́ pa irun mi láró, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí

Àjọkẹ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tèmi. Ó ti tó ọdún 4 tí mo ti fi rìláásà sí irun mi kẹ́yìn. Tí mo bá fà á, ó dé èjìká. Tí mo bá jù ú sílẹ̀, ó ká padà sí etí. Mo fẹ́ kó pọ́n bíi bàbà. Ewú díẹ̀ wà níwájú orí mi tí mo máa ń fi aró dúdú bò, oṣù 5 sẹ́yìn ni mo ṣe é kẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi kan pa tiẹ̀ láró, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí irun fi ń já sí i lọ́wọ́ bí òwú. Ṣé mo lè dá a ṣe nílé? Ẹnìkan ní kí n kúkú lo làálì, pé ìyẹn ò léwu rárá.

Ìyá Onídìrí
Àjọkẹ́, aró dúdú tó o ti lò yẹn ni wàhálà àkọ́kọ́. Aró kì í ṣí aró. Tó o bá da aró bàbà lé e, ìdí irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù á pọ́n, ibi tí aró dúdú ti kàn á ṣì dúdú kirikiri. Bílíìṣì ló lè ṣí i, ibẹ̀ ni mo sì fura sí pé ti ọ̀rẹ́ ẹ ti bàjẹ́.

Irun ní ìpẹ́ lára, wọ́n tò léra bíi páànù òrùlé. Amóníà inú aró ló ń gbé páànù yẹn sókè kí àwọ̀ lè wọlé, hydrogen peroxide, omi tí wọ́n ń pò mọ́ aró, ló ń pa dúdú tí Ọlọ́run fi síbẹ̀ rẹ́. Irun tó lọ́ pọ̀ bíi tìrẹ, ibi tó ti tẹ̀ ni kì í lágbára, òróró awọ orí kì í sì tètè dé ṣóńṣó rẹ̀. Nítorí náà, wo nọ́ńbà ara ike peroxide dáadáa: 10 jẹ́ 3%, 20 jẹ́ 6%, 30 jẹ́ 9%, 40 jẹ́ 12%. Èmi kì í kọjá 20 lórí irú irun yìí. Ẹni tó bá gbé 40 wá, dìde lórí àga rẹ̀.

Kó o tó ṣe ohunkóhun, kó irun tó já sára kọ̀ǹbù ẹ jọ, so ó pọ̀, fi aró náà sí i fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ. Fọ̀ ọ́, kó o fà á nígbà tó ṣì tutù. Tó bá nà tó sì padà, ó dáa. Tó bá nà bíi rọ́bà tó ti gbó, jọ̀ọ́, fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, fi aró díẹ̀ sẹ́yìn etí bí ìwé inú páálí ṣe wí, kó o dúró fún wákàtí 48. Ọdún 9 ni mo fi kun orí ara mi pẹ̀lú aró dúdú kan náà láìsí nǹkankan. Lọ́jọ́ kan mo sùn, mo jí, etí mi méjèèjì ti wú, omi ń ṣe lẹ́yìn wọn, ojú òsì ò ṣeé là. PPD ni, èròjà tó ń mú àwọ̀ wá nínú aró irun. Ara lè gbà á fún ọdún púpọ̀ kó tó kọ̀ ọ́.

Alálàálì
Ọdún 6 rèé tí mo ti ń lo làálì, èmi ò sì jẹ́ sọ pé kò léwu. Làálì tó jẹ́ ewé lásán kì í ṣí dúdú irun. Àfi tó o bá dúró sínú oòrùn kí pupa rẹ̀ tó hàn. Orí ewú ló ti ń tàn bí iná. Èyí tí wọ́n ń pè ní làálì dúdú, sá fún un, PPD ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ ọn. Òmíràn ní èròjà irin nínú: tí peroxide bá kàn án, irun á gbóná, ó lè rú èéfín, á sì já. Làálì kì í sì í kúrò o, títí irun tuntun á fi hù tó o máa gé e dànù.

Àjọkẹ́
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti fi sẹ́yìn etí lálẹ́ àná. Ẹ̀gbọ́n Onídìrí, tó bá bá mi lára mu, báwo ni mo ṣe máa tọ́jú irun náà?

Ìyá Onídìrí
Má fọ̀ ọ́ fún ọjọ́ 3. Lẹ́yìn ìyẹn, omi tútù àti ṣáńpù tí kò ní sulfate, èròjà tó ń mú kó hó púpọ̀. Kọńdíṣọ́nà tó wúwo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó o dé náílọ́n lé e fún ìdajì wákàtí. Púrótéènì, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó. Àpọ̀jù rẹ̀ máa ń mú kí irun gan, kó sì kán. Ìka ni kó o fi tú u, láti ṣóńṣó bọ̀ sí ìdí. Rìláásà àti ẹ̀rọ gbígbóná, gbàgbé wọn. Tí ìdí tuntun bá hù, ibẹ̀ nìkan ni kó o kùn. Àwọn tó ń tún gbogbo rẹ̀ kùn ló ń wá bá mi sunkún.

Àjọkẹ́
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn etí mi ti ń yún mi láti àárọ̀. Ó ti lé kókó pupa kéékèèké mẹ́ta.

Ìyá Onídìrí
Fọ̀ ọ́ kúrò báyìí báyìí. Má fi aró yẹn kan orí ẹ láéláé, má sì lo èyíkéyìí tó bá ní PPD, títí kan èyí tó o fi ń bo ewú. Tó bá wú, tàbí tí èémí bá ń ṣòro, dókítà ni kó o lọ bá, kì í ṣe èmi.

Àjọkẹ́
Mo ti fọ̀ ọ́. Mo ti ju páálí méjèèjì nù, ti bàbà àti ti dúdú. Ìdí ewú iwájú orí mi ti yọ funfun, ó tó ìka méjì. Ẹ̀gbọ́n Alálàálì, ṣé ewé lásán ni tiyín?

Alálàálì
Ewé lásán ni. Ewú yẹn ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni bàbà tó ò ń wá wà. Àmọ́ ẹ̀yìn etí kejì ni kó o kọ́kọ́ fi sí ná.