Ta ló sọ fún fóònù mi pé mo ní fibroid?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni dókítà sọ pé mo ní fibroid. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún, bàbá àwọn ìbejì gan-an ò tíì gbọ́. Mo kàn wọ ìkànnì ìlera kan lóru, mo kà nípa rẹ̀. Lánàá, mo gbé fóònù fún oníbàárà mi kan kó yan sítáì lórí Facebook. Ó dákẹ́, ó wá ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ń wá oògùn fibroid ni?" Ìpolówó mẹ́ta, léraléra! Ara mi bù máṣọ. Ta ló sọ fún wọn?

Oníkọ̀ǹpútà: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ojú ìwé tí ẹ ṣí yẹn náà ni. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ló ń fi kóòdù Facebook tàbí Google sínú ojú ìwé wọn. Bí ẹ bá ti ṣí i, á ti ròyìn ohun tí ẹ kà, irú fóònù tí ẹ ń lò, àti àdírẹ́sì IP yín, èyí tó lè tọ́ka sí ìlú tí ẹ wà. Kúkì, ìyẹn fáìlì kékeré tí ìkànnì ń fi sínú fóònù yín, ni wọ́n fi ń dá yín mọ̀ tí ẹ bá padà wá. "Accept all" tí gbogbo wa ń tẹ̀ kó lè kúrò lójú, à ń fọwọ́ sí i nìyẹn.

Màmá Tóbi: Incognito, èyí tí kì í jẹ́ kí fóònù tọ́jú àwọn ojú ìwé téèyàn ṣí, lèmi máa ń lò ní tèmi.

Oníkọ̀ǹpútà: Ẹ má gbára lé e mà. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń lo fóònù nìkan ni ò ní rí i, ìkànnì ṣì ń rí yín. Nínú Chrome, ẹ lọ sí Settings, Privacy and security, kí ẹ dínà third-party cookies, ìyẹn kúkì àwọn ẹlòmíì tí kì í ṣe ìkànnì tí ẹ ṣí gan-an. Ní Facebook, ẹ wá "Your activity off Meta technologies", ẹ pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà: Láti oṣù kẹfà 2023 la ti ní Òfin Ìdáàbòbò Dátà ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ ìlera sì wà lára ohun tó kà sí ẹlẹgẹ́. Ẹ kọ̀wé sí ìkànnì náà pé kí wọ́n pa tiyín rẹ́. Bí wọn ò bá dá yín lóhùn, ẹ fẹjọ́ sun NDPC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó òfin náà.

Alhaja: Ọmọ mi, má ra ìkankan nínú oògùn yẹn o. Dókítà rẹ ni kó o padà sí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an ni. Táíwò bá mi ṣí ti Facebook yẹn. Orúkọ ìkànnì ìlera náà wà níbẹ̀, ibi tí mo ti wo iye maṣín ìránṣọ náà sì wà níbẹ̀. A ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Lálẹ́ òní, èmi fúnra mi ni màá sọ fún bàbá wọn.